Kí Ohùn Àwọn Àgbà Má Baà Parẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Kásẹ́ẹ̀tì Orin Ìbílẹ̀ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Òtítọ́ ni òwe yìí. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí tí ọgbọ́n kan ti tẹ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, tí ó jẹ́ kí a lè kó ọ̀rọ̀ tí ó ti balẹ̀, kí a sì tún gbọ́ ọ bí ẹni tí ó sọ ọ́ ti sọ ọ́ gan-an. Ọgbọ́n náà ni kásẹ́ẹ̀tì. Òun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga fi gba ìjálá, rárà, ẹ̀sà eégún, ẹkún ìyàwó, ìyẹ̀rẹ̀ Ifá àti oríṣiríṣi orin mìíràn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ wọ́n dájú. Lónìí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àgbà náà ni ó ti re ibi àgbà ń rè. Ohùn wọn ni ó kù, inú kásẹ́ẹ̀tì ni ohùn náà sì wà. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì pàápàá ń kú. Ohun tí ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ara mi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni iwájú tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ní ọdún 1984, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí n jáde ní yunifásítì, mo lọ sí ìlú kan ní agbègbè Òkè-Ògùn láti lọ gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀. Ìyá arúgbó kan ni àwọn ará ìlú júwe fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ kí ìyá, mo ní, “Ẹ kú ilé, ìyá. Wọ́n ní ẹ̀yin ni ẹ mọ ẹkún ìyàwó jù ní ìlú yìí.” Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìyàwó wo ni ó tún ń sunkún láyé ìsinsìnyí? Jókòó, jẹ́ kí n rántí.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohùn wọn ti kún ojú kìíní kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan, ó sì ti wọ ojú kejì. Nígbà tí mo padà dé, mo kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, àwọn olùkọ́ mi fún mi ní máàkì tí ó tọ́ sí mi, mo sì ju kásẹ́ẹ̀tì náà sínú páálí kan lábẹ́ tábìlì.

Lẹ́yìn tí ìyá ti papò dà, ọmọ wọn obìnrin wá mi wá sí ilé. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, mo gbọ́ pé ohùn ìyá mi wà lọ́wọ́ yín. Nínú gbogbo ilé wa, kò sí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀.” Inú mi dùn. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde, mo fi í sínú ẹ̀rọ. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹkún wọn, ọmọ wọn sì bo ojú. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí ohùn náà fi já lójijì, tí ariwo eré bọ́ọ̀lù orí rédíò sì gba ipò rẹ̀. Ọmọ kan nínú ilé mi ni ó ti wá kásẹ́ẹ̀tì tí yóò fi gba eré bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó sì mú èyí tí ó rí. Obìnrin náà kò bú mi. Ohun tí ó sọ ni pé, “Ẹ tún fi ìwọ̀nba tí ó kù yẹn.” Ìgbà mẹ́rin ni a fi ìṣẹ́jú mẹ́ta náà. Mi ò lè dá ọmọ náà lẹ́bi. Èmi tí mo gba ohùn ìyá olóhùn iyọ̀ sílẹ̀, tí mi ò sì dáàbò bò ó, ni mo jẹ̀bi.

Bí a ti ń pa ohùn mọ́ bọ̀

Ní ayé àtijọ́, inú ènìyàn ni a ń pa orin mọ́ sí. Ọmọ ọdẹ a máa tẹ̀lé baba rẹ̀ lọ síbi ìrèmọ̀jé, ọmọ àyàn a máa gbé gúdúgúdú lẹ́yìn ìyáàlù títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi rọ̀. Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá kú, ẹni tí ó kọ́ ọ yóò máa bá a lọ. Àṣà yìí dára títí di òní, kò sì sí ẹ̀rọ tí ó lè rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ kò bá tẹ̀lé baba mọ́, tí ìyàwó kò sì sunkún mọ́ kí ó tó relé ọkọ, okùn náà já nìyẹn.

Ọdún 1877 ni Thomas Edison ará Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó lè gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ kí ó sì tún un sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kí ó tó kan àwa Yorùbá. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1930 ni wọ́n jáde láyé, síbẹ̀ títí di òní a lè gbọ́ ohùn wọn. Ní ọdún 1940 sí 1941, Ọ̀mọ̀wé Lorenzo Dow Turner gbé ẹ̀rọ lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ó sì gba ohùn àwọn ọmọ àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú rékọjá òkun sílẹ̀. Ní ọdún 1951, William Bascom gba ẹsẹ ẹẹ́rìndínlógún sílẹ̀ lẹ́nu Sàlàkọ́ ní ìlú Ọ̀yọ́. Inú ohùn tí ó gbà náà ni ó ti yọ ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1980. Ẹ kíyè sí i pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín ọjọ́ tí a gba ohùn náà àti ọjọ́ tí ìwé jáde. Bí ohùn náà bá ti bàjẹ́ láàárín ìgbà yẹn, kò sí ìwé tí à bá máa kà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí wúwo, owó rẹ̀ sì ga. Ẹni tí ó ní ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí yunifásítì lẹ́yìn nìkan ni ó lè lò ó. Ní ọdún 1963 ni ilé-iṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde fún aráyé rí ní ìlú Bẹ̀rlíìnì. Ohun tí ó ṣeé fi sí àpò ẹ̀wù ni. Bátìrì ni ó ń jẹ, kò bèèrè iná mànàmáná. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1975, ó ti wọ ọjà àti abúlé ní ilẹ̀ wa. Láti ìgbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju owó ọkọ̀ lọ ti lè lọ sí oko ọdẹ, kí ó sì padà wálé pẹ̀lú ìjálá wákàtí kan. Láti ìgbà náà náà ni àwọn mọ̀lẹ́bí ti ń gba ohùn àwọn onírárà sílẹ̀ níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Nítorí náà, àwọn ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù nínú orin wa kò sí nínú àwo tí a tà lọ́jà. Inú páálí ni wọ́n wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti lókè àjà.

Ohun tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì

Kí a tó lè mọ bí a ó ti tọ́jú nǹkan, ó yẹ kí a mọ ohun tí a fi ṣe é. Bí a bá tú kásẹ́ẹ̀tì, a ó rí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a wé mọ́ àgbá kékeré méjì. Téèpù ni à ń pe ọ̀já náà. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3.81. Èyí tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan gùn tó mítà 86, ìnípọn rẹ̀ kò sì tó ìdá 1 nínú ìdá 50 mìlímítà kan. Èyí tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí méjì tún fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò tó ìdá 1 nínú ìdá 100 mìlímítà. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníwákàtí méjì fi máa ń tètè já tàbí kí wọ́n lọ́ mọ́ ẹ̀rọ.

Ọ̀rá líle ni a fi ṣe ọ̀já yìí. Ní ojú rẹ̀ kan ni a fi àtè lẹ ìyẹ̀fun kan mọ́, tí ó pọ́n bí ìpẹtà irin. Ìpẹtà irin ni ó sì jẹ́ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n a ti lọ̀ ọ́ kúnná gidigidi. Nígbà tí a bá ń gba ohùn sílẹ̀, makirofóònù yóò sọ ohùn di iná mànàmáná, orí ẹ̀rọ yóò sọ iná náà di agbára òòfà, agbára òòfà yìí yóò sì to ìyẹ̀fun irin náà sí ìlà bí ohùn ti ń lọ sókè tàbí sódò. Téèpù ń kọjá lójú orí ẹ̀rọ ní sẹ̀ǹtímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fẹ́ gbọ́ ohùn náà padà, a ó jẹ́ kí téèpù kọjá lójú orí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ìlà ìyẹ̀fun yóò sì tún di iná, iná yóò di ohùn. Ohùn ìyá arúgbó wa kò ju ètò ìyẹ̀fun irin lọ, àtè ni ó sì dì í mú.

Àwọn ọ̀tá rẹ̀

Ọ̀tá kìíní ni ooru, èkejì ni ọ̀rinrin. Àwọn méjèèjì ni ó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa wọ inú àtè, a sì máa sọ ọ́ di aláìlágbára, títí ìyẹ̀fun yóò fi máa bọ́ sílẹ̀ bí ọ̀dà ara ògiri tí òjò ti pa. Ohun funfun bí èlùbọ́ tí ó máa ń hù sára bàtà inú kọ́bọ́ọ̀dù nígbà òjò a máa hù sára téèpù pẹ̀lú. Ooru a máa mú kí ọ̀já náà lọ́, bí a bá sì fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó wà lójú oòrùn ọ̀sán, kò ní pẹ́ kí ilé rẹ̀ tó tẹ̀.

Ọ̀tá kẹta ni eruku, pàápàá ti ọyẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo tí ó bá wà lójú orí ẹ̀rọ tó láti fa ojú téèpù ya. Ẹ̀kẹrin ni òòfà. Irin òòfà ńlá wà nínú gbohùngbohùn, nítorí náà ẹni tí ó bá to kásẹ́ẹ̀tì sórí gbohùngbohùn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìlà ìyẹ̀fun náà ká. Ẹ̀karùn-ún ni tìmùtìmù kékeré tí ó ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ. Àtè rẹ̀ a máa gbẹ, tìmùtìmù a sì bọ́, ohùn a sì di èyí tí a kò gbọ́ dáradára mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti sọ irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ nù, tí wọ́n rò pé ohùn ti kú, nígbà tí ó jẹ́ pé tìmùtìmù ni ó ṣubú.

Ọ̀tá kẹfà ni àwa fúnra wa: a fi orin mìíràn bo ti àkọ́kọ́, a kò kọ nǹkan kan sára kásẹ́ẹ̀tì, a sì ń yá ènìyàn tí kò ní dá a padà. Ọ̀tá keje ni àìsí ẹ̀rọ. Àwọn ẹ̀rọ tí ó dára kò wọ́pọ̀ mọ́, àwọn tí ó mọ àtúnṣe wọn sì ń dàgbà. Ní ọdún 2019 sí 2020, Àjọ UNESCO àti Ẹgbẹ́ IASA, èyí tí àwọn olùtọ́jú ohùn àti àwòrán lágbàáyé dá sílẹ̀ ní 1969, kéde fún gbogbo ayé pé bí yóò bá fi di ọdún 2025, yóò ṣòro gidigidi láti gbọ́ ohun tí ó wà nínú téèpù tí a kò bá tíì dà kọ. Ọdún tí wọ́n dá náà kò jìnnà mọ́. Ó ti dé bá wa.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Yorùbá ju ọ̀pọ̀ èdè lọ

Ẹnìkan lè bi mí pé, “A ti kọ ọ̀rọ̀ orin náà sínú ìwé, kí ni a tún ń wá?” Ìbéèrè yìí dára. Ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá ní ọdún 1966 ti ṣe wá ní oore tí a kò lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí ó lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ bí apìjálá ṣe ń ran ohùn, ibi tí ó ti mí, ibi tí ó ti fa ọ̀rọ̀ gùn, àti ohun tí àwọn ọdẹ tí ó jókòó tì í fi gbè é. Àmì ohùn orí ìwé sọ fún wa pé ohùn òkè ni tàbí ohùn ìsàlẹ̀. Kò sọ bí ó ti ga tó. Ìyàtọ̀ láàárín ìjálá àti rárà, láàárín ẹ̀sà eégún àti ẹkún ìyàwó, inú ohùn ni ó wà ju inú ọ̀rọ̀ lọ. Oríkì kan náà lè jáde lẹ́nu àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ wá wo bí ìbàjẹ́ téèpù ti ń ba èdè wa jẹ́. Igbá, igba, ìgbà àti igbà: ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Bí ẹ̀rọ bá ń sá ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n tí ó ń sá ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ohùn ni yóò jùmọ̀ lọ sókè, a ó sì ṣì mọ ọ̀rọ̀ yà, nítorí pé ohùn òkè ṣì ga ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó yóò máa dún bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Bí ó bá fi ìdá 10 nínú 100 yá jù, orin wákàtí kan yóò parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 55, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ́ ìlù láti inú rẹ̀ yóò kọ́ irọ́.

Èyí tí ó burú jù ni kí ẹ̀rọ máa sáré kí ó sì máa rọra láàárín ọ̀rọ̀ kan. Nígbà náà ni ohùn àárín yóò di ohùn òkè. Bí ènìyàn bá ni ó ń sọ̀rọ̀, kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì yóò ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyáàlù dùndún kò ní kọ́ńsónáǹtì. Ohùn ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ohùn bá ti mì, ọ̀rọ̀ ìlù ti dàrú, kò sì sí àyàn kan tí ó lè bá wa tú u. Bákan náà, bí orí ẹ̀rọ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ìró bí s àti ṣ àti f ni ó kọ́kọ́ ń kú. A kò ní mọ̀ bóyá ìsẹ́ ni akọrin wí tàbí ìṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ó gba ohùn sílẹ̀ ní abúlé ní láti mọ̀. Bí bátìrì bá ti ń kú nígbà tí a ń gba ohùn, téèpù yóò máa rọra lọ. Nígbà tí a bá wá fi í sínú ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le, ohùn náà yóò máa yá sí i, yóò sì máa ga sí i títí dé òpin, bí ẹni pé àgbàlagbà ń padà di ọmọdé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé akọrin ni ó yí ohùn padà. Kọ̀ǹpútà lè tún irú rẹ̀ ṣe lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ orin náà gbọ́dọ̀ jókòó tì í.

Bí a ó ti gbà wọ́n là

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe ni kí a má ṣe yára fi kásẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ní òdìkejì ibi tí téèpù ti yọjú, etí ọ̀rá kékeré méjì wà ní igun méjèèjì. Ẹ ṣẹ́ àwọn méjèèjì. Bí a bá ti ṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ kò ní gbà láti kọ ohùn mìíràn lé e. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì ni. Òun ni mi ò ṣe ní 1984.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo inú rẹ̀ lójú ìmọ́lẹ̀. Bí nǹkan funfun bá ti hù sí i, ẹ yà á sọ́tọ̀ kí ó má baà ran àwọn yòókù, kí ẹ sì bo imú. Bí tìmùtìmù bá ti bọ́, tàbí tí ilé rẹ̀ bá ti fọ́, a lè tú síkúrù rẹ̀, kí a sì gbé àgbá méjèèjì sínú ilé kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tí ó dára. Bí téèpù bá ti dẹ̀, pẹ́ńsùlù ni kí a fi wé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má ṣe sá a sóòrùn, ẹ má ṣe yá a níná. Bí àtè bá ti bàjẹ́, iṣẹ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni.

Ẹ̀rọ pẹ̀lú fẹ́ ìtọ́jú. Kí a tó fi kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí a fi òwú àti ọtí tí à ń pè ní isopropyl nu orí ẹ̀rọ. Kí a kọ́kọ́ fi kásẹ́ẹ̀tì tí kò já mọ́ nǹkan dán an wò, kí a mọ̀ pé kò ń jẹ téèpù. Kí a sì tún ìdúró orí ẹ̀rọ ṣe fún kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, títí s àti ṣ yóò fi dún ketekete.

Nígbà náà ni a ó wá fi okùn so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà. Wákàtí kan ni a ó fi da wákàtí kan kọ, kò sí ọ̀nà àbùjá. Fáìlì tí kò fún ohùn pọ̀, irú WAV, ni kí a lò. Kí a má ṣe lo MP3 fún èyí tí a fẹ́ pa mọ́, nítorí pé ó máa ń gé lára ohùn kí ó lè kéré. Ìwọ̀n tí àwọn olùtọ́jú ohùn lágbàáyé gbà ni bíìtì 24, kí iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn má sì dín ní 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń lo 96,000. Bí a bá lo 96,000, wákàtí kan yóò gba nǹkan bí gígábáìtì 2. Kí a dà á kọ bí ó ti wà, pẹ̀lú ariwo àti igbe àkùkọ inú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ fọ ariwo kúrò, ẹ̀dà mìíràn ni kí a fọ̀. Igbe àkùkọ tí a yọ lónìí lè jẹ́ ohun tí yóò fi han ẹlòmíràn lọ́la pé ìdájí ni a kọ orin náà.

Ẹ̀dà kan kò tó. Mẹ́ta ni kí ó jẹ́, kí wọ́n wà lórí oríṣi ohun èlò méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan sì wà ní ìlú mìíràn, nítorí iná àti olè. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé tẹlifóònù: ohun tí ó bọ́ sínú omi ní ọjọ́ kan lè kó ohùn ọgọ́rùn-ún àgbà lọ. Kí a máa ṣí àwọn fáìlì náà wò lọ́dọọdún. Kí a má sì sọ kásẹ́ẹ̀tì nù lẹ́yìn tí a ti dà á kọ. Kí a tò ó dúró bí ìwé, níbi tí ó tutù tí ó sì gbẹ, tí ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 20 lọ bí ó bá ṣeé ṣe. Ilé tí kò bá ní ẹ̀rọ amúlétutù lè fi wọ́n sínú àpótí tí ó dé dáadáa, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tí ń fa omi, irú èyí tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun.

Ohùn tí kò ní orúkọ dà bí ọmọ tí ó sọnù lọ́jà. Nítorí náà, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó kọrin sílẹ̀, orúkọ ìlú àti agboolé, ọjọ́ àti ọdún, irú orin, ìdí tí a fi kọ ọ́, irú ìlù tí ó wà níbẹ̀, ẹ̀ka èdè tí ó jẹ́, àti ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, kí a gbé ohùn náà lọ bá àwọn àgbà ìlú náà kí wọ́n tó tán. Àwọn orin bí òlélé Ìjẹ̀ṣà, alámọ̀ Èkìtì, ègè Ẹ̀gbá àti bírípo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ kò lè dá túmọ̀.

Ta ni ó ni ohùn náà?

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò gbọdọ̀ fò. Nígbà tí ìyá kọ ẹkún ìyàwó fún mi, wọ́n gbà kí n fi kọ́ ẹ̀kọ́. Wọn kò sọ pé kí n tà á, wọn kò sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo ayé yóò lè gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin tí ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2022 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà mọ ẹ̀tọ́ ẹni tí ó kọrin, ó sì dáàbò bo àwọn iṣẹ́ àbáláyé wa. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí kò dúró de òfin. Kí a tó gbé ohùn jáde fún gbogbo ènìyàn, kí a tọ ìdílé lọ, kí a bèèrè. Àwọn orin awo mìíràn wà, irú ohùn orò, tí kì í ṣe gbogbo etí ni ó gbọdọ̀ gbọ́ ọ. A lè pa wọ́n mọ́ láìfi wọ́n han. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a fún ìdílé ní ẹ̀dà tiwọn. Àwọn ni ó kọ́kọ́ ni í, àwọn ni wọ́n sì máa ń gbà á kẹ́yìn.

Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ wa

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, a kò ní láti dúró de ìjọba. Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti wà láti ọdún 1962, àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá sì wà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kásẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àná wà. Kí ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ ka iye wọn. Kí a má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún lọ sí òsì bí wọ́n ti tò. Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí kò ní ẹ̀dà kankan níbòmíràn, tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti kú, tí téèpù rẹ̀ sì ti ń bàjẹ́. Àwo olókìkí tí a tà káàkiri lè dúró. Ẹlòmíràn ní irú rẹ̀.

Kí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bèèrè nílé bóyá kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wà. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ni UNESCO yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìrántí ohùn àti àwòrán àtijọ́. Ọjọ́ náà dára láti pe àwọn ará ìlú jọ, kí wọ́n wá gbọ́ ohùn àwọn baba ńlá wọn. Bí ọmọdé bá gbọ́ ohùn ìyá ìyá rẹ̀, ó lè fẹ́ kọ́ ọ, okùn tí ó já a sì tún so.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ó kù nínú ohùn ìyá tí mo sọ̀rọ̀ wọn, mo ti dà á kọ. Ẹ̀dà mẹ́ta ni ó wà, ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ọmọ wọn. Mo ní àwọn ọ̀rọ̀ yòókù nínú ìwé mi ní pípé, mo sì lè kà wọ́n bí mo bá fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá kà wọ́n, ohùn ara mi ni mò ń gbọ́. Kí ti yín má rí bẹ́ẹ̀. Àìtètè mólè ni olè ń mú olóko. Ẹ dìde, ẹ ṣí páálí yín.